Merv Haddrick, Okùn Pupa àti Tíì Tútù

Ọjọ́ tí wọ́n gbé fíríìjì wọ kíláàsì ni Merv Haddrick di ẹni ìtàn. Bí ẹ bá ní kí gbogbo ẹni tó ń búra pé ìṣojú òun ni ó ṣẹlẹ̀ dìde, wọn ò ní gba inú yàrá náà, wọn ò tilẹ̀ ní gba ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

Oṣù kejì ọdún ni, ní yunifásítì kan nílùú Townsville, ẹ̀rọ amúlétutù kíláàsì sì ti kú láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dìde, àga á kọ́kọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Josie Deguara, ló ní ọgbọ́n tí wọ́n dá lọ́jọ́ náà.

"Fíríìjì wà ní yàrá tíì àwọn olùkọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé e wá síbí, ká ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣebí òtútù ló kún inú ẹ̀ bámúbámú?"

Àwọn mẹ́rin gbé e. Ihò iná kíláàsì ò ṣiṣẹ́, wọ́n bá fa wáyà láti kọ́rídọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, atẹ́gùn tútù fẹ́ yẹ́ẹ́ sí àwọn tó jókòó níwájú, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún Josie. Ibẹ̀ ni Merv, olùkọ́ wọn, ti bá wọn. Ọkùnrin kúkúrú ni, ṣòkòtò péńpé ló máa ń wọ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, á wá fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún. Ó di búrẹ́dì rẹ̀ mọ́wọ́, ó wo fíríìjì, ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Orí ta ló gbé èyí jáde?"

"Orí tèmi ni, Merv."

"O káre, ọmọ mi. Ẹ bá mi ti gbogbo fèrèsé, kí òtútù yẹn má lọ sá jáde."

Wọ́n tì í. Ó ti ilẹ̀kùn náà. Ó yọ tẹmómítà lápò, ó gbé e kọ́ sára pátákó, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó dìde, ó kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó kọ mẹ́rìndínlógójì. Ọmọkùnrin kan bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù, ó wá jókòó tó ń wo ṣòkòtò ara rẹ̀ bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ bá a sọ.

"Merv, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé."

"Kí ló dé? Àbí òtútù ti ń pọ̀ jù?"

Nígbà náà ló fa okùn pupa kan yọ nínú báàgì, irú okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ó sì tẹ́ ẹ yí ẹsẹ̀ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. "Ààlà wa nìyí," ó ní. "Kí ló ń ré okùn kọjá wọlé?" Wọ́n wò títí, wọ́n rí i pé wáyà abẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ni. "Iná ń wọlé. Kí ló ń jáde?" Kò sí nǹkan kan tó ń jáde. "Ó dáa, iná tó ti ń wọlé láti àárọ̀ wá, ibo ló wà?" Josie lọ sẹ́yìn fíríìjì lọ wò ó, ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó fò sókè pẹ̀lú igbe. Merv nu ẹnu rẹ̀. "Josie ti rí i," ó ní.

Ooru tí fíríìjì ń gbà níwájú ló ń tú sẹ́yìn, ó tún ń fi ooru iná tó ń lò kún un. Gbogbo kíláàsì ní ó ti yé àwọn, àfi Josie tó fi ọwọ́ jíjó sẹ́nu. "Ṣùgbọ́n òtútù wà níwájú ẹ̀ o," ó ń tún un sọ. "Mo gbọ́ ọ lára!" Nígbà tí wọ́n dá fíríìjì padà, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ṣe fún ọjọ́ ìbí olórí ẹ̀ka ti yọ́ di ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fún olórí náà ní ṣíbí.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín Josie tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára, tí wọ́n ń pè ní tẹmodainámíìsì, ni Merv ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹ́míkà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Josie ń ṣe é nìyẹn. Àádọ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ yege gbọ́dọ̀ gbà, mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gbà lẹ́ẹ̀kíní. Ẹni tó bá sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ní kó lọ wá ẹ̀kọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ṣúgà tó wà lẹ́bàá oko bàbá rẹ̀ ní Mackay ti fi àyè kan dè é nídìí bọ́ílà wọn. Ìran mẹ́ta ni àwọn Deguara ti ń kó ìrèké lọ síbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé rí. Charlie, bàbá Josie, ti sọ fún gbogbo olóko tó wà lójú ọ̀nà náà pé ọmọ òun ń bọ̀.

Ìyá Charlie, tí gbogbo ilé ń pè ní Nanna, ló kọ́kọ́ bi Josie léèrè ọ̀rọ̀ náà nídìí oúnjẹ.

"Kí ni wọ́n ní o ò mọ̀ gan-an?"

"Ẹ́ńtírópì ni, Nanna."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Nǹkan kan ni. Ó kàn máa ń pọ̀ sí i ṣáá ni. Kì í dínkù láéláé."

Nanna wo Charlie tó ń bu oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ó ti yé mi," ó ní. "Èwo ló wá le ńbẹ̀?" Bí Nanna ṣe yege nìyẹn, tó ku Josie.

Merv fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìwé láti ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ ṣúgà, tó ń fi pòpórò ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán dá iná sábẹ́ bọ́ílà. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún kó tó gba oyè Dókítà, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é bẹ́ẹ̀, á bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó wọlé. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti já, tó fi rọ́bà dì. Òǹkà nìkan ló kún inú ìwé náà: bí omi bá gbóná tó báyìí, èéfín rẹ̀ á lágbára tó báyìí. Glenys ìyàwó rẹ̀ ní òun rí i nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn lọ ṣe ìsinmi ìgbéyàwó, òun rò pé Bíbélì ni, inú òun dùn, òun ní ẹni Ọlọ́run lòun fẹ́. Òun ṣí i, òun bá òǹkà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Okùn pupa yẹn ńkọ́? Kò sí ohun tí Merv ò lè fi yí ká. Kó o tó ṣírò ohunkóhun, ó ní kó o kọ́kọ́ pààlà, kó o wo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Ó fi yí ajá rẹ̀ ká, ajá náà sùn sínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gbóná jù lójú ọ̀nà Ingham, tó kọ̀ tí ò lọ, Merv sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ okùn yí ọkọ̀ náà ká, ó jókòó lórí koríko, ó ń rò ó. Ọlọ́pàá kan kọjá, ó rí okùn pupa, ó rí ọkùnrin arúgbó tó dorí kodò, ó gbà pé ẹnìkan ti kú síbẹ̀. Odidi ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń darí ọkọ̀ kó tó wá béèrè pé òkú dà.

Ti tíì ló burú jù. Ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí Merv sinmi. Bí wọ́n bá da tíì sínú kọ́ọ̀bù, tí o ò sì ní mu ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà wo ni kó o da mílíìkì sí i kó lè gbóná pẹ́: lójú ẹsẹ̀ ni, tàbí nígbà tó o bá fẹ́ mu ún? Merv mọ̀ pé ojú ẹsẹ̀ ni. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Àmọ́ kò sí àlejò kan tó wọ ilé rẹ̀ tí kò ní fi hàn án. Kọ́ọ̀bù méjì, tẹmómítà méjì, aago lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó bá parí, á gbé méjèèjì fún Glenys.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń mu tíì tútù," Glenys máa ń sọ fún àwọn àlejò, "kí Merv lè fi hàn pé tíì gbóná."

"Èyí tí mo kọ́kọ́ da mílíìkì sí fi ìwọ̀n méjì gbóná ju ìkejì lọ!" Merv á pariwo láti yàrá kejì.

"Ó ṣeun, ọkọ mi. Mo ti gbọ́."

Ẹni kan ṣoṣo tí Merv ò jẹ́ fi tíì lọ̀ ni Priscilla Oates, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì, tí ọ́fíìsì rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀. Ìjà wọn ti pé ọdún mọ́kànlá, ohun tó sì fà á kò ju àmì lọ. Merv ní iṣẹ́ tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, àmì ìròpọ̀ ló yẹ kí wọ́n fún un, torí nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ra ẹ̀rọ. Priscilla ní rárá o, ohun tó bá wọlé ni ìròpọ̀, ohun tó bá jáde ni ìyọkúrò. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, bí èèyàn bá ti lè dúró ti ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í kíra wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń rán.

"Bá mi sọ fún Merv pé ó gbàgbé agboòrùn rẹ̀ sí ọ́fíìsì mi níjọ́ tá a ṣèpàdé."

"Sọ fún un pé mo mọ̀. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ mi jáde, ìròpọ̀ ni."

Agboòrùn náà ò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn Priscilla.

Josie tó ń gbọ́ ti Priscilla láàárọ̀, tó ń gbọ́ ti Merv lọ́sàn-án, ẹ tiẹ̀ rò ó wò. Nígbà tí ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, wọ́n ní kí wọ́n ṣírò ilé iṣẹ́ ṣúgà kan. Ó fi àmì Merv bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà, ìwé rẹ̀ kún, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó sì fi àmì Priscilla parí rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ fi hàn kedere pé ilé iṣẹ́ náà ń gba ṣúgà wọlé, ó sì ń tú ìrèké jáde. Merv kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Sọ fún bàbá rẹ kó lọ sinmi. Láti ìsinsìnyí lọ, àwọn ni wọ́n á máa kó ìrèké wá fún un." Ó fún un ní mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Èyí tó kù wá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta sì ni àṣemọ. Josie ò lè sùn dáadáa mọ́. Charlie ti ra bàtà iṣẹ́ tuntun fún un, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Mackay, kò sì sí ìgbà tí ọmọ yẹn wá sílé tí kò ní ré bàtà náà kọjá. Ó gba ọ́fíìsì Merv lọ.

"Níbo lo ti ń sọnù?" Merv bi í.

"Ibi gbogbo, Merv."

"Ibi gbogbo kì í ṣe ibì kan. Gbà." Ó ju okùn pupa sí i. "Fi yí ibi tí kò yé ọ ká."

Josie fi yí tábìlì ká, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà lórí rẹ̀. Merv ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, wọ́n bá àwọn apá kan jà, okùn wá yí ìwé kan ṣoṣo ká. Lọ́sẹ̀ kejì, ó yí orí kan ká. Merv ti ń hú ikọ́ lásìkò yẹn, bó bá sì gun àtẹ̀gùn tán, á di ògiri mú díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó lọ sinmi, á ní ọmọ Deguara ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí Josie ká okùn náà títí tó fi yí ìlà kan péré ká lójú ìwé: agbára kì í sọnù.

"Ibí ni?" Merv béèrè.

"Ibí ni. Gbogbo èèyàn ní ìlà yìí ló rọrùn jù. Òun gan-an ni kò yé mi."

Merv wo ìlà náà pẹ́. Josie ń retí kó ṣàlàyé. "Dúró síbẹ̀," ọkùnrin náà ní. "Má kúrò níbẹ̀." Ó palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, ó lọ sílé. Josie jókòó pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì rú u lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò nínú ìdánwò Merv. Òun ló máa ń kẹ́yìn, máàkì márùn-ún ló sì ní: "Kọ ohun kan tí kò tíì yé ọ, kí o sì sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú ọ lójú." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò ó ni. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àìmọ̀kan rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa fún un ní máàkì? Priscilla Oates náà ti sọ ọ́ ní kọ́rídọ̀, tí gbogbo èèyàn gbọ́, pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ gidi kan tó ń fún èèyàn ní máàkì nítorí ohun tí kò mọ̀. Josie ti fò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ku ogún ìṣẹ́jú, ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tóun kọ kò ní tó. Ó bá kọ̀wé.

Ó kọ ọ́ pé: "Merv, ẹ kọ́ wa pé agbára kì í sọnù. Nígbà tí Nanna mi wà lọ́mọge, ó lè gbé àpò ṣúgà kan lápá ọ̀tún, kan lápá òsì. Ní báyìí, èmi ni mò ń bá a ṣí ìdérí ìgò jáàmù. Ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó sọnù, kí ló wá ń tán?"

Ọjọ́ Sunday kejì oṣù kọkànlá, Glenys ń ká máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó wọlé, ó bá Merv lórí àga ilé ìdáná, gègé lọ́wọ́, ìwé ìdánwò níwájú, kọ́ọ̀bù tíì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ó ń wo aago ni, kò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ó fọ máńgòrò mẹ́fà kó tó mọ̀ pé ọkọ òun ti lọ.

Glenys fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ìwé náà sínú páálí máńgòrò gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Olórí ẹ̀ka bá a kẹ́dùn, ó sì sọ ohun tí òfin wí: bí olùkọ́ bá kú kó tó fọwọ́ sí èsì, ẹlòmíràn tó mọ ẹ̀kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò, kó fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo ilé náà. Josie gbọ́ pé Priscilla Oates ni. Ó lọ ra ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn wò, ó ń ronú bó ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo èèyàn lọ sílé Haddrick. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà wá látọ̀nà jíjìn, àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, wọ́n fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún nítorí Merv. Ẹnì kan ń sọ ti fíríìjì, ó ní ìṣojú òun ni. Òjò ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí Priscilla Oates wọlé, agboòrùn méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ọ̀kan, ó fi èkejì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mo dá ti Merv padà," ó sọ fún Glenys.

"Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án," Glenys ní. "Láti ìgbà náà ni òjò ti ń pa wá."

Priscilla wá Josie lọ sí ilé ìdáná, ó tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta ni àròpọ̀ rẹ̀ kó tó kan ìbéèrè ìkẹyìn. Josie ka ibẹ̀, ó sì dijú. Priscilla ní, "Kà á lọ." Lábẹ́ ohun tí Josie kọ, ọwọ́ Merv wà níbẹ̀ pẹ̀lú gègé pupa, ó wọ́ díẹ̀: "Ibí yìí gan-an lèmi náà ti sọnù. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti dúró síbí. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Márùn-ún nínú márùn-ún."

"Ọdún mọ́kànlá," Priscilla ní, "mi ò fara mọ́ àmì kan tí ọkùnrin yẹn fi síbì kankan rí." Ó yọ gègé, ó fọwọ́ sí i. "Ti ibí yìí, mo fara mọ́ ọn." Ó kọjú sí fèrèsé, ó ní òjò yìí mà pọ̀ o. Josie ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀, kò mọ èyí tó yẹ kóun kọ́kọ́ ṣe. Àádọ́ta géérégé.

Glenys wọlé láti wá tíì pò. Ó da omi gbígbóná sí kọ́ọ̀bù kan, ó da mílíìkì sí i lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó ní kó dúró, kò sí ẹni tó ń wo aago. Ó gbé e dé ẹnu, èéfín rẹ̀ sì fẹ́ sí i lójú. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

"Ẹ mu ún, Glenys," Josie ní. "Á tutù."

"Jẹ́ kó tutù. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí kọ́ọ̀bù náà ká. Láti yàrá kejì, ẹnì kan ti ń sọ ti ọlọ́pàá ojú ọ̀nà Ingham, ẹ̀rín sì sọ. Josie ò mọ̀gbà tó béèrè pé, "Ooru ẹ̀ gan-an, ibo ló ń lọ?"

"Inú ilé yìí náà ni," Glenys ní. "Mo bi Merv lọ́dún tá a ṣègbéyàwó. Ó ní kì í sọnù. Ó kàn máa ń fọ́n ká débi pé kò sẹ́ni tó lè kó o jọ mọ́."

Okùn pupa wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Josie wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rín ti ń wá, ó wo Priscilla tó ń nu imú. Ó ń ro ibi tí òun ì bá tẹ́ ẹ sí tí yóò fi yí gbogbo rẹ̀ ká, kò sì rí i rò.

Glenys fi ìka kan kọ́ọ̀bù náà lára. "Ó ti ṣe," ó ní, ó gbé e, ó sì mu ún tán.